Lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ SUBEB Ìpínlẹ̀ Kogi: ẹ ra ohùn kí ẹ tó ra ẹ̀rọ

Sí Alága àti gbogbo ọmọ Ìgbìmọ̀ Ètò Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ìpínlẹ̀ Kogi, ní Lọ́kọ́ja.

Ẹ̀yin àgbà wa,

Ọ̀kún o. Mo mọ̀ pé ìkíni yìí kò ní ṣàjèjì sí yín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ígálà tàbí Ẹ̀bìrà ni ẹlòmíràn nínú yín, nítorí ẹni tó bá ti gba Kábà kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yóò ti gbọ́ ọ títí yóò fi sú u. Òun náà ló sì sọ àwa Yorùbá Ìpínlẹ̀ Kogi ní Ọ̀kún. Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Ìjùmú. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé, kíláàsì kẹta àti ìkẹrin ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo ti kọ irú lẹ́tà yìí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, mo sì ti fi í ránṣẹ́ gba ọ̀nà tó yẹ kí ó gbà. Èyí tí mo kọ ní Yorùbá yìí, mo fẹ́ kí àwọn òbí àti àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi bá yín kà á, nítorí ọ̀rọ̀ ohùn wọn ni.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò ju ẹyọ kan lọ. Nígbà tí ẹ bá tún ń ṣètò owó fún ohun èlò ìkọ́ni ní àwọn ilé-ìwé wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ yọ ti ohùn sọ́tọ̀ kí ẹ tó yọ ti ẹ̀rọ. Ohun tí mò ń pè ní ohùn ni ẹ̀kọ́ kúkúrú, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀, tí olùkọ́ tó mọṣẹ́ sọ, tí orin wà nínú rẹ̀, tí a gbà sílẹ̀ ní èdè tí ọmọ ń gbọ́, tí ọmọ sì lè gbọ́ ní àgbọ́túngbọ́. Podcast ni wọ́n ń pe irú rẹ̀ káàkiri ayé báyìí. Orúkọ náà kò tíì pẹ́, ọdún 2004 ni oníròyìn Ben Hammersley kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn The Guardian ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti wà tipẹ́, nítorí láti ọdún 1924 ni BBC ti ń gbé ẹ̀kọ́ jáde lórí rédíò fún àwọn ilé-ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ní kí ẹ̀rọ máa tẹ̀ lé ohùn. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn kan gbé tábúlẹ́ẹ̀tì wá sí ilé-ìwé tí mo wà nígbà náà. A jó, a ya fọ́tò, àwọn ọmọ wọ aṣọ tí a lọ̀. Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni a rí i pé ọmọdé ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ṣe ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ fún: ó ń bi àwọn ọmọ wa léèrè iye ọkọ̀ ojú irin tó dúró ní ibùdó, ohùn tó sì ń sọ̀rọ̀ ń sáré bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀. Iná kò sí. Owó epo jẹnẹrétọ̀ kò sí nínú ètò wọn. Ọ̀gá ilé-ìwé kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi kọ́kọ́rọ́ tì í, nítorí ó ti fọwọ́ síwèé pé bí ẹyọ kan bá sọnù, òun ni yóò san án. Nígbà tí mo kúrò ní ilé-ìwé náà, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n ṣì wà. N kò dá ọ̀gá náà lẹ́bi. Èmi náà ì bá tì í pa.

Ẹ wá wo ohun tó ti wà nílé àwọn ọmọ yẹn kí ẹnikẹ́ni tó dé. Bàbá wọn ní fóònù kékeré oníná tọ́ọ̀ṣì tó ń gba mẹ́mórì. Ìyá àgbà ní rédíò pẹlẹbẹ kan tó ń lo bátìrì fóònù, èyí tí ó máa ń gbé lọ sóko, tí wọ́n ti bá a kó orin ìjọ kún mẹ́mórì rẹ̀ ní ọjọ́ ọjà. Àwọn ọmọkùnrin tó jókòó sábẹ́ agbòjò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí wọ́n ń ṣáájì fóònù, tí wọ́n sì ń kó orin sí mẹ́mórì fún ènìyàn, ti ń ṣe iṣẹ́ tí a ń wá owó ńlá fún láti ọjọ́ tó ti pẹ́, wọn kò sì nílò dátà kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ohun tí wọ́n kó.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu tí a bá gbà sílẹ̀ bí MP3 ní ìwọ̀n 64 kbps, èyí tó tó láti gbọ́ kedere, kò ní gbà ju nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 5 lọ fún ìṣẹ́jú 10. Mẹ́mórì gígábáìtì 2, tó kéré débi pé ó ti fẹ́ di ohun àwátì lọ́jà, yóò gba irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ tó lé ní 400. Bí kíláàsì kan bá ń gbọ́ ẹ̀kọ́ 10 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 36, 360 ni. Gbogbo ọdún kan ti wọ inú nǹkan tí kò tó èékánná àtàǹpàkò, àyè sì ṣẹ́ kù. Bí ó bá sọnù, a ó kọ òmíràn láti inú èyí tó wà lọ́wọ́ olùkọ́ kejì, ẹnikẹ́ni kò sì ní fi kọ́kọ́rọ́ tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù.

Mo ń sọ èyí nítorí mo ti dán an wò. Yàrá ìsùn mi ni mo lò. Mo gbé fóònù lé orí ìdì aṣọ, mo gbé mátírẹ́ẹ̀sì ti ògiri kí ohùn má baà máa dún padà, mo sì ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí kí ariwo àdúgbò tó bẹ̀rẹ̀. Àkùkọ nìkan ni n kò rí ọgbọ́n dá fún. Ó wà nínú ẹ̀kọ́ mẹ́ta, àwọn ọmọ sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbà kò dára rárá. Mo béèrè ìbéèrè, mo sì dáhùn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí mo gbé e sí kíláàsì, àwọn ọmọ la ẹnu láti dáhùn, ohùn mi nínú rédíò sì gba ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Lẹ́ẹ̀kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta wọ́n dákẹ́, wọn kò la ẹnu mọ́, wọ́n ń wo rédíò, wọ́n ń wò mí, ojú sì tì mí bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń pa ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu mọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo kà nípa iṣẹ́ tí àwọn ará Yunifásítì Stanford bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Nicaragua ní 1974, níbi tí wọ́n ti fi rédíò kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò. Ọgbọ́n tí wọ́n dá kò ju pé rédíò máa ń béèrè, yóò dákẹ́, àwọn ọmọ yóò pariwo ìdáhùn tàbí kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, rédíò yóò wá sọ ìdáhùn náà kí oníkálukú lè mọ̀ bóyá òun gbà á. Wọ́n gbé irú rẹ̀ lọ sí Kẹ́ńyà ní àwọn ọdún 1980 láti fi kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Mo padà sínú yàrá mi, mo tún ẹ̀kọ́ náà gbà, mo sì ń ka ení dé àrún nínú ikùn mi lẹ́yìn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan kí n tó dáhùn. Ọjọ́ tí mo gbé èyí sí i, ariwo àwọn ọmọ ló pe ọ̀gá ilé-ìwé jáde láti ọ́fíìsì rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe gbé iṣẹ́ yìí fún ẹni tí ohùn rẹ̀ kàn dùn. Ẹni tí kò bá tíì dúró níwájú ọmọ ogójì rí kò ní mọ ibi tó yẹ kí òun ti dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ orin ló gùn jù nínú ohun tí mo ní í sọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní sùúrù fún mi. Gbogbo wa la mọ̀ pé ohun tí a bá fi orin kọ́ ọmọ kì í tètè kúrò lórí rẹ̀. Ìyá tó ń fi orin rẹ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣe ìwádìí fún un. Ìṣòro wa ni pé a máa ń ṣe bí ẹni pé orin èyíkéyìí ni a lè kó ọ̀rọ̀ sí. Yorùbá kì í gbà bẹ́ẹ̀. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ló ń sọ ohun tí ọ̀rọ̀ jẹ́, bí orin bá sì gun òkè níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ni ọmọ kọ́. Àwọn bàbá wa nínú ìjọ ti fojú winá èyí nígbà tí wọ́n kó ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú ohùn orin ìsìn àwọn Òyìnbó, tí ìtumọ̀ sì ń ṣìnà lójú gbogbo ìjọ. Ekundayo Phillips, tó lu dùùrù ní Kàtídírà Kírísítì ní Èkó láti 1914 títí di 1962, wà lára àwọn tó tẹnu mọ́ ọn pé ohùn orin gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé ohun tí ìjọ ti kọ́ láti ìgbà yẹn, ilé-ìwé wa kò tíì kọ́ ọ.

Olùkọ́ ọ̀dọ́ kan ní ilé-ìwé wa, ọmọ tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ ni, ṣe orin òǹkà fún kíláàsì kẹta. Ó ń gùn ún lógún-lógún: ogún, ogójì, ọgọ́ta, ọgọ́rin, ọgọ́rùn-ún, títí dé igba. Orin Gẹ̀ẹ́sì kan tí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ń kọ ni ó yá ohùn rẹ̀, orin náà sì máa ń fò sókè ní ìparí. Ọjọ́ kan péré ni àwọn ọmọ fi mọ̀ ọ́n. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo bi wọ́n nínú ìdánwò kékeré pé kí ni ó kàn lẹ́yìn ọgọ́sàn-án. Mọ́kàndínlógún nínú wọn kọ "igbá", wọ́n sì fi àmì sí i dáadáa bí mo ṣe kọ́ wọn. Ọ̀kan tilẹ̀ ya igbá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tòun ti ọmọrí. Inú bí mi sí wọn, àfìgbà tí mo kọ orin náà sí ara mi létí, tí mo sì gbọ́ ohun tí wọ́n gbọ́. Igba ni iye, igbá ni a fi ń bu omi, ìgbà ni àkókò, igbà ni wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ. Àwọn ọmọ náà kò ṣàṣìṣe. Ohun tí orin sọ fún wọn ni wọ́n kọ sílẹ̀.

Èmi àti olùkọ́ náà lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, a sì bẹ ìyá kan tó ń ta àkàrà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé pé kí ó bá wa dá orin náà. Ìyá yìí kò kàwé. Ó ní kí a pe àwọn iye náà fún òun lẹ́ẹ̀mejì, ó ń fi ọwọ́ gbá itan rẹ̀, ó sì gbé e sí ohùn tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré òṣùpá, lílé àti ègbè. Òun a lé "ogún méjì", àwọn ọmọ a gbè é pé "ogójì". Òun a lé "ogún mẹ́ta", wọn a gbè é pé "ọgọ́ta". Ohun tí n kò fi ogún ọdún rí, màmá yìí fi hàn mí lórí ìjókòó kan: òǹkà wa fúnra rẹ̀ ni ìsọdipúpọ̀ ogún, ogún àti iye tí a fi sọ ọ́ di púpọ̀ ti wọnú orúkọ náà tán. Nígbà tó dé ogún mẹ́wàá, ohùn rẹ̀ kò fò, kò sì já; ó dúró ní àárín gbùngbùn, igba, àwọn ọmọ sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. N kò rí igbá kankan nínú ìdánwò láti ọjọ́ náà.

Bí a ti ń gbà á sílẹ̀ tán, ohun àkọ́kọ́ tí ó bi mí ni pé, "Tíṣà, ṣé èmi náà á gbọ́ ọ?" Mo mọ ibi tí ìbéèrè yẹn ti wá. Ní ìgbà kan rí, àwọn kan wá sí abúlé wọn, wọ́n ní àwọn ń kó orin ìbílẹ̀ jọ. Àwọn ìyá kọrin láti ìyálẹ̀ta títí di ìrọ̀lẹ́, omi inú ọ̀rá àti bísíkíìtì ni wọ́n fi kí wọn, títí di òní kò sì sí ẹni tó gbọ́ orin náà padà. Mo fi orin tiwa sínú fóònù ọmọ rẹ̀ kí n tó dìde níbẹ̀, èmi àti olùkọ́ náà sì dá owó fún un. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ẹni tó bá kọrin yóò gba owó, pé a ó dárúkọ rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ náà bí ó bá fẹ́, àti pé ẹ̀dà kan yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe gé orin olórin tó wà lọ́jà sínú ẹ̀kọ́ nítorí pé ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀. Òfin tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹni tó ni iṣẹ́ ọnà (Copyright Act), ti ọdún 2022, wà níbẹ̀, a kò sì nílò irú ìjà bẹ́ẹ̀ nígbà tí alákàrà wà.

Ní ti èdè, ẹ ó rántí pé ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ, àti pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni. Èrò tèmi yàtọ̀. Iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò gbẹ́yìn àwọn yòókù, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ṣùgbọ́n n kò kọ lẹ́tà yìí láti bá Àbújá jà. Ohun tí ọmọ ń gbọ́ nínú rédíò ìyá àgbà rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ kì í ṣe èdè tí olùkọ́ fi ń kọ́ni ní kíláàsì. Bí ó bá sì jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ fẹ́, ohùn yìí kan náà ni yóò ràn yín lọ́wọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ wa kì í gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu ẹnikẹ́ni bí kò ṣe olùkọ́ kan ṣoṣo.

Ìbéèrè tó le jù lójú tèmi ni pé Yorùbá ta ni. Ọmọ Yàgbà, ọmọ Owé, ọmọ Bùnú, ọmọ Owórò àti ọmọ Ìjùmú kì í sọ̀rọ̀ bákan náà, Yorùbá inú ìwé sì jìnnà díẹ̀ sí gbogbo wọn. Mo ti rí ọmọ ọdún mẹ́fà tí wọ́n nà nítorí pé ó fi èdè ilé rẹ̀ dáhùn nínú iṣẹ́ Yorùbá. Ohun tí mo ń ṣe ni pé ìtàn àti orin máa ń wà ní ẹ̀ka-èdè ibi tí a ti gbà á, àlàyé ìṣirò àti ti ìwé kíkà a sì máa wà ní Yorùbá ìwé. Àwọn ọmọ ń gbọ́ méjèèjì, n kò sì tíì rí èyí tó tìtorí rẹ̀ dàrú. Ti Ígálà àti ti Ẹ̀bìrà, àwọn olùkọ́ ibẹ̀ ni yóò sọ. Èmi kò ní gbẹ́nu lé e.

Àwọn òbí kan yóò sọ pé ilé-ìwé kì í ṣe ilé orin, n kò sì lè dá wọn lẹ́bi pátápátá, nítorí mo ti rí kíláàsì tí wọ́n ti ń kọrin láti àárọ̀ dé ọ̀sán tí ọmọ kankan kò sì lè ka ìlà kan. Nínú àwọn ẹ̀kọ́ tí mo gbà, ohùn náà máa ń sọ pé "ẹ ṣí ìwé yín", yóò sì dúró títí ìwé yóò fi ṣí. Ọmọ kan tún wà nínú kíláàsì mi tí kò gbọ́ràn dáadáa. Mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ orin sórí páálí fún un, òun ni ó sì ń fi ọ̀pá tọ́ka sí i bí àwọn yòókù bá ń kọ ọ́.

Ohun kan kù tí n kò fẹ́ kí ẹ gbàgbé. Láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti ń yọ ilẹ̀ Ọ̀kún lẹ́nu, àwọn òbí a máa dá ọmọ dúró sílé nígbà tí ọ̀nà kò bá dára. Nígbà tí àrùn kòrónà ti ilé-ìwé pa ní oṣù kẹta ọdún 2020, rédíò ni ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sáré lọ bá, Sierra Leone sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú nígbà Ebola. Ṣùgbọ́n ètò rédíò a máa kọjá lọ. Bí ọmọ bá wà lóko ní aago mẹ́wàá, ó ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Èyí tó bá wà nínú mẹ́mórì yóò dúró dè é di alẹ́.

Ẹ yan olùkọ́ méjì-méjì láti Kábà/Bùnú, Ìjùmú, Mopa-Muro, Yàgbà Ìlà-oòrùn àti Yàgbà Ìwọ̀-oòrùn, kí Lọ́kọ́ja náà mú ti Owórò wá. Ẹ kó wa jọ sí Kábà fún ọ̀sẹ̀ méjì nígbà ìsinmi, ẹ sì san owó ọkọ̀ wa kí a tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Kí a fi ìṣirò kíláàsì kẹta nìkan bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ gbé e sí ilé-ìwé díẹ̀ fún sáà kan, kí ẹ fún àwọn tó gbọ́ ọ àti àwọn tí kò gbọ́ ọ ní ìdánwò kan náà. Bí kò bá ràn wọ́n lọ́wọ́, kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba, n ó sì gbà.

Ẹ̀kọ́ 31 ló wà nínú mẹ́mórì ọwọ́ mi báyìí, pẹ̀lú àkùkọ nínú mẹ́ta. Bí ẹ bá rán ẹnikẹ́ni wá sí Ìjùmú, kí ó mú fóònù tó ní àyè lọ́wọ́. Yóò ti gbà á tán kí omi ẹ̀kọ tó hó.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olùkọ́ kíláàsì kẹta kan, ní Ìjùmú.